Àtàǹpàkò Kò Ní Àmì Ohùn

Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ nínú yàrá kí Ìbídùn tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ń sọ̀rọ̀. Agolo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbọ́n omi dà síta láti ojú fèrèsé, ikọ́ sì ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tó ń dìde. Láti àárọ̀ ni òkun ti ń fi ara gbá Ògiri Ńlá tí ìjọba mọ sí iwájú ìlú. Bó bá ti ń fi ara gbá a báyìí, omi á gba abẹ́ ògiri wọlé, á wá bá àwọn tó ń gbé Ìdí-Ògiri lórí ibùsùn wọn.

"Ẹ̀kọ́ òní ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún," ni Agbọ́rọ̀ wí láti ara ògiri. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ, ojú kan ṣoṣo ló ní, kò sì sí ilé tí aláàbọ̀ ara wà ní Ìdí-Ògiri tí wọn kò gbé e kọ́ sí. "Ẹ jókòó."

"Omi ló wọlé," ni Ìbídùn dá a lóhùn.

"Ẹ jókòó. Bí ẹ kò bá jókòó, a ó ka òní sí ọjọ́ tí ẹ kò kẹ́kọ̀ọ́."

Ìbídùn ju agolo sílẹ̀. Bí ọjọ́ tí èèyàn kò kẹ́kọ̀ọ́ bá pé mẹ́ta nínú oṣù, wọn á gé iná ilé rẹ̀, iná yẹn ló sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ibùsùn tí kò jẹ́ kí ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dégbò. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú omi. Ìgbà náà ló gbọ́ ọ: kó, kó, kó. Àtàǹpàkò ọ̀tún Ajíbọ́lá ń kan pátákó tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì dà bíi pé ó ti pẹ́ tó ti ń kàn án.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀."

Ajíbọ́lá tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà márùn-ún-márùn-ún ló wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìlà márùn-ún tí wọ́n fi èédú kọ sára pátákó náà, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lápapọ̀, láti A dé Y. Yóò kọ́kọ́ kan iye ìlà, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò sì kan ipò tí lẹ́tà wà lórí ìlà náà. Ìbídùn kò wo pátákó mọ́. Etí lásán ló fi ń kà á.

Lọ́la, màá ní kí wọ́n gbé mi.

Ìbídùn kò bi í pé síbo. Ọ̀la ni Ọjọ́ Kíkà ilé wọn. Àwọn akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Ìtọ́jú yóò wá bi Ajíbọ́lá léèrè bóyá ó fẹ́ dúró nílé tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí Ilé Ìsinmi, èyí tó wà láàárín òkun, lórí àwọn òpó irin tí wọ́n fi ń wa epo láyé àtijọ́. Níbẹ̀, wọ́n ń fún èèyàn ní oògùn oorun kí oúnjẹ àti òṣìṣẹ́ lè tó wọn. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ń sùn nínú ọ̀sẹ̀, ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń jí. Ará ilé kò gbọdọ̀ bẹ̀ wọ́n wò. Kò sì sí ẹni tó tíì padà dé.

"Ṣé ohun tí mo torí ẹ̀ kọ́ ìwé nìyẹn?" ni ó wí. "Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mí kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ A. Ṣé kí ẹ lè fi lé ara yín kúrò nílé ni?"

Ikọ́ rẹ.

"Ikọ́ mi ti ń lọ sílẹ̀."

Irọ́. Mo gbọ́ ohun tí dókítà sọ.

Ẹ̀rọ dókítà tí wọ́n gbé wá lóṣù tó kọjá kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́bàá ibùsùn yìí gan-an ló ti sọ fún Ìbídùn pé ọ̀rinrin ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, àti pé òjò méjì ló kù fún un bí kò bá kúrò níbi tó wà. Ibi tó lè lọ kò ju Òkè lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, tí omi mímu kò sì níyọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbà pupa tí Ìgbìmọ̀ fi ń sàmì sí olùtọ́jú wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Olùtọ́jú tí ẹ̀gbà pupa bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá afárá tó lọ sí Òkè, àfi bí ẹni tó ń tọ́jú bá kú, tàbí tó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tú u sílẹ̀.

"Ta ni yóò ka ọwọ́ yín níbẹ̀?" ni Ìbídùn bi í. "Ẹ rò ó wò. Wọn á jí yín lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, ẹ ó máa kan irin ibùsùn, wọn á ní iṣan ló ń fà yín."

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á kọ́ ọ.

"Mi ò ní kà á fún wọn."

Ajíbọ́lá wò ó. Ojú rẹ̀ nìkan ni ìṣubú kan níbi iṣẹ́ fi sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú ọ̀nà ọ̀fun tó fi ń gbé oúnjẹ mì, àti àtàǹpàkò yìí.

Wàá kà á, ni ó wí.

Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni Ajíbọ́lá já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn níbi tó ti ń jó irin ọkọ̀ ojú omi, tí ọrùn rẹ̀ sì kán. Ọmọ ìyá méjì péré ni wọ́n, Ìbídùn sì ni àbúrò. Fún ọdún méje àkọ́kọ́, òun ló ń sọ ohun gbogbo fún un. Òun ló ń sọ fún àlejò pé inú ẹ̀gbọ́n òun dùn láti rí wọn. Òun ló ń sọ fún Ìgbìmọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ń dúpẹ́. Nígbà tó yá ni Olùkọ́ Rántí wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n dé ẹnu ọ̀nà wọn, pẹ̀lú pátákó àti èédú, ó ní òun ń kó àwọn aláàbọ̀ ara àti àwọn olùtọ́jú wọn jọ ní àgbàlá òun lọ́jọ́rú, kí wọ́n jọ máa kẹ́kọ̀ọ́, àti pé òun yóò máa wá bá àwọn tí kò lè jáde nínú ilé. Ìbídùn ní kò sí nǹkan kan tí ẹ̀gbọ́n òun lè kọ́ mọ́. Olùkọ́ wo àtàǹpàkò tó ń mì lórí aṣọ ìbora, ó ní, "Èyí ńkọ́?"

Oṣù mẹ́jọ ni kí àwọn méjèèjì tó mọ lẹ́tà tán, torí pé bí Ajíbọ́lá ṣe ń kọ́ kíkàn ni Ìbídùn ń kọ́ kíkà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó kàn jáde odindi, Ìbídùn rò pé yóò jẹ́ orúkọ òun, tàbí orúkọ ìyá wọn. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé e. Ṣúgà pọ̀. Ọdún méje ló fi ń bu ṣúgà sínú ògì ọkùnrin tí kò fẹ́ràn adùn láti kékeré. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló sunkún.

Ohun tí kò sí ẹni tó sọ fún wọn nígbà náà ni ìdí tí ìjọba fi ń náwó sórí ẹ̀kọ́ yìí. Òfin kò gbà kí a gbé ẹnikẹ́ni kúrò nílé rẹ̀ bí kò bá fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gbà. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, kò ṣe é gbé. Nítorí náà, ìjọba ní kí wọ́n kọ́ gbogbo wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Akọ̀wé Láṣẹ́kan dé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méjì tó gbé ibùsùn àgbéká. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni akọ̀wé náà, ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó sì kí Ajíbọ́lá kó tó kí ẹlòmíràn. Olùkọ́ Rántí ti jókòó ní ìdí ẹsẹ̀ ibùsùn. Òun ni ẹlẹ́rìí, òfin kò sì fún ẹlẹ́rìí láyè láti sọ̀rọ̀. Ohun tó wà fún un kò ju kó buwọ́ lùwé ní ìparí pé kíkà náà tọ̀nà.

"A ó kọ́kọ́ dán olùkà wò," ni akọ̀wé wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí Ajíbọ́lá létí.

Àtàǹpàkò kan pátákó. Ìbídùn tẹ́tí. "Ọ, K, Ọ," ni ó wí. "Ọkọ̀."

Akọ̀wé mi orí. "Ọkọ́ ni mo sọ fún wọn. Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko."

"Ẹ̀gbọ́n mi kò ṣe àgbẹ̀ rí. Ọkọ̀ ni wọ́n ń kàn. Ìdí tí ọkàn mi fi lọ síbẹ̀ nìyẹn."

Akọ̀wé wo Olùkọ́, ó rántí pé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ṣí ìwé tí Olùkọ́ ti fi ránṣẹ́ sí Ìgbìmọ̀ ṣáájú. Ó kà á sókè: "'Àtàǹpàkò kò ní àmì ohùn. Olùkà ni yóò fi ohùn sí i, nítorí òun ló mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bákan náà, wọn kì í kan lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, kó má baà rẹ̀ wọ́n.'" Ó pa ìwé náà dé. "Lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. A gbà á."

Lẹ́yìn náà ló tẹ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ó sì bi Ajíbọ́lá pé, "Ọ̀gbẹ́ni Ajíbọ́lá, níwájú òfin àti níwájú ẹlẹ́rìí, kí ni ẹ fẹ́ kí á ṣe fún yín?"

Omi àná ti fà, àmọ́ ilẹ̀ ṣì tutù, òórùn ohun tó ti bu sì wà nínú aṣọ gbogbo wọn. Ìbídùn ti múra sílẹ̀ láti gbọ́ "mo fẹ́ lọ", ó sì ti mọ̀ pé kò sí ibi tí òun lè yí ìyẹn sí.

Ẹ. M. A.

Ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Òtútù ti mú un.

GB. E.

M. I.

L. Ọ.

Ó ti tán.

Ìbídùn mọ ohun tó sọ. Bí wọ́n bá jí i lójú oorun tí wọ́n bi í, yóò mọ̀ ọ́n. Ẹ máa gbé mi lọ. Wọn kì í kan A lẹ́ẹ̀mejì, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi A kejì ji ara wọn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kejì tó wà nínú lẹ́tà mẹ́sàn-án náà, bí ẹni tó ṣàdéédéé rí ilẹ̀kùn níbi tó ti ń rí ògiri láti ọjọ́ yìí.

"Ẹ má gbé mi lọ," ni ó wí.

Akọ̀wé gbójú sókè. "Ẹ má gbé mi lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Akọ̀wé ka lẹ́tà tí ẹ̀rọ ti gbà sílẹ̀. Mẹ́sàn-án ni, wọ́n sì bára mu. Àwọn ọkùnrin méjì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká ibùsùn àgbéká wọn. Ajíbọ́lá tún ń kan pátákó, ó ń kàn án kíkankíkan tó fi jẹ́ pé pátákó náà ń yẹ̀ kúrò lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n tún ń sọ?" ni akọ̀wé béèrè.

R, A, R, A.

"Rárá ni wọ́n ń sọ," ni Ìbídùn dáhùn. "Rárá, wọn ò fẹ́ lọ."

Àtàǹpàkò dúró. Ojú Ajíbọ́lá kúrò lára rẹ̀, ó lọ sí ara àjà.

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́ta ni àwọn yóò tó tún wá bi í. Ó ní bí olùkà bá rí i lẹ́yìn èyí pé òun ṣì í kà, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni òfin fún un láti tún un kà níwájú Agbọ́rọ̀, kò sì ní ìjìyà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá, irọ́ ni òfin ń pè é. Ó na ìwé sí Olùkọ́ Rántí. Olùkọ́ mú kálámù, ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni, ó sì buwọ́ lù ú.

*

Láti ọjọ́ yẹn Ajíbọ́lá kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó ń jẹun bí Ìbídùn bá fún un. Ó ń pajú dé bó bá ń wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé pátákó sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àtàǹpàkò yẹn á ká wọnú àtẹ́lẹwọ́, á sì wà níbẹ̀. Ìbídùn bẹ̀ ẹ́. Ó bá a jà. Ó fi ògì sílẹ̀ títí ó fi tutù, ó ní bó bá fẹ́ gbígbóná kó sọ. Ajíbọ́lá mu ún ní tútù. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ó ka gbogbo ìwé tí wọ́n fún un ní àgbàlá Olùkọ́ sí i létí, láti ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ikọ́ ń dá a dúró ní gbogbo ojú ìwé. Àjà ni Ajíbọ́lá ń wò.

"Ẹ̀kọ́ òní ti pé," ni Agbọ́rọ̀ wí. "Akẹ́kọ̀ọ́ kò dáhùn. A ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Olùkọ́ Rántí wá. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n jókòó sí, lórí àkàbà tí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ń so mọ́.

"Wọn kò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀," ni Ìbídùn wí. "Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ọdún méje, mi ò kú. Ẹ wò mí báyìí."

"Ọdún méje yẹn, wọn kò lè sọ̀rọ̀ ni," ni Olùkọ́ wí. "Ti báyìí yàtọ̀."

"Olùkọ́, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ yẹn."

"Mo gbọ́ ọ."

"Kí ló dé tí ẹ fi buwọ́ lù ú?"

Olùkọ́ Rántí fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. Obìnrin ogójì ọdún ni, ṣùgbọ́n ìrìn inú omi ti jẹ eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti arúgbó. "Aláàbọ̀ ara mọ́kànlá ni mo ti kọ́ ní àgbàlá yẹn," ni ó wí. "Méje nínú wọn, ọ̀rọ̀ tí mo fi kọ́ wọn ni wọ́n fi sọ pé kí wọ́n gbé wọn lọ. Èmi ni ẹlẹ́rìí gbogbo wọn. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí ẹ ní 'má', ó dùn mọ́ mi. Kí n má parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Mo rò ó pé, a ti rí ẹnì kan gbà padà."

"Ó dáa nígbà náà."

"Kò dáa. Mo délé, mi ò lè jẹun." Ó kọjú sí Ìbídùn. "Kí èmi tó dé ilé yìí, gbogbo yín ni ẹ ń bá wọn sọ ohun tí wọn kò sọ. Kò sí ẹnì kankan nínú yín tó ka ara rẹ̀ sí òpùrọ́. Mo wá kí ìyẹn lè dópin. Nígbà tó wá dọjọ́ tó le, àwa méjèèjì la tún padà síbẹ̀."

"Wọ́n ń lọ kú ni, Olùkọ́."

"Ẹ̀yin náà ń kú, ojú wọn ló sì ń ṣe. Èwo nínú méjèèjì ló yẹ kí wọ́n máa wò? Mi ò mọ̀ ọ́n. Àwọn mọ̀ ọ́n, wọ́n sì sọ ọ́."

Ìbídùn kò sìn ín dé ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kẹtàlá, lẹ́yìn ìgbà tó ti wẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán, ó jókòó tì í. Kò gbé pátákó wá. Ó wo ọwọ́ tó ká náà, àtàǹpàkò wà nínú rẹ̀ bí ọmọ inú ìkarahun. Ọ̀rọ̀ kan wá sí i lọ́kàn tó bà á lẹ́rù: pé òun lè máa bá a gbé báyìí fún ọdún mẹ́ta, kí òun máa bọ́ ọ, kí òun máa wẹ̀ ẹ́, kí òun máa sọ fún àwọn àlejò pé inú rẹ̀ dùn, títí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yóò fi lọ. Ẹnì kan kò sì ní mọ̀ ju àwọn méjèèjì àti Olùkọ́ lọ.

"Agbọ́rọ̀," ni ó pè.

Ojú ẹ̀rọ náà tàn. "Mò ń gbọ́."

"Mo ṣì í kà. Lọ́jọ́ Kíkà. Mo fẹ́ tún un kà."

"Ẹ tún un kà."

Ó rò pé yóò rọrùn, níwọ̀n bí lẹ́tà kò ti ní í yí padà. Lẹ́tà mẹ́sàn-án ni. Ohùn kékeré kan ló fẹ́ fi kún un. Ó la ẹnu, ikọ́ gbé e, ó wú u títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Agbọ́rọ̀ dúró dè é. Nígbà tí ó rí èémí mí, ó di irin ibùsùn mú.

"Ẹ máa gbé mi lọ," ni ó wí. "Máa. Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn."

"A ti gbà á. Ọkọ̀ yóò dé ní ọjọ́ mẹ́ta òní." Ojú ẹ̀rọ náà kú.

Kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó gbọ́ kíkàn lára irin ibùsùn, díẹ̀díẹ̀, nítorí àtàǹpàkò náà ti le láti ọjọ́ mẹ́tàlá tí kò ti ṣiṣẹ́. Ó kà á tán. Ohun mi nìyẹn. Ó lè jẹ́ ohun, ó sì lè jẹ́ ohùn. Kò bi í léèrè èwo ni.

*

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà wọ́n sọ̀rọ̀ ju bí wọ́n ti sọ ọ́ rí láyé wọn, títí kan ìgbà tí ara Ajíbọ́lá ṣì le. Ó ka gbogbo ọkọ̀ ojú omi tí òun ti kàn rí fún un, mẹ́tàlélógún, àti èyí tó rò pé ó ṣì ń léfòó. Ó sọ fún un pé òun mọ̀ pé omi ọbẹ̀ lásán ni Ìbídùn ń jẹ kí òun lè rí ẹran jẹ. Ó ní kó fá irùngbọ̀n òun. Ó mú un ṣèlérí pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé ẹ̀gbà, yóò kọjá afárá lọ́jọ́ yẹn gan-an, kò ní sùn ní Ìdí-Ògiri di ọjọ́ kejì. Ìbídùn ṣèlérí. Ó tún ní kó máa kọ́ ìwé lọ ní Òkè. Ìyẹn náà, ó gbà.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, ó dúró sí ẹnu èbúté onígi tó wà lẹ́yìn ilé. Ọkọ̀ funfun ni, ó ti gbé èèyàn mẹ́rin kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Obìnrin kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ eérú ló sọ̀ kalẹ̀ láti gba Ajíbọ́lá, ó jọ ẹni ọgbọ̀n ọdún. Orúkọ wà láyà aṣọ rẹ̀, Ìbídùn sì kà á: Ṣijúadé.

Ó na pátákó sí i. Ṣijúadé mi orí.

"Igi kankan kò gbọdọ̀ wọ Ilé Ìsinmi, mà. Nítorí kòkòrò."

"Òun ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́, mà. Kò gbọdọ̀ wọlé ni."

Wọ́n ti gbé Ajíbọ́lá sórí ibùsùn àgbéká, wọ́n sì fi okùn pẹlẹbẹ dì í ní àyà àti ní itan. Àtàǹpàkò ń kan irin. Ìbídùn tẹ́tí.

"Wọ́n ní okùn àyà yẹn le jù," ni ó wí.

Ṣijúadé wo okùn, ó ki ìka bọ abẹ́ rẹ̀, kò wọ̀. Ó dẹ̀ ẹ́. Ó wo Ìbídùn, ó wo àtàǹpàkò. "Báwo ni ẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Wọ́n sọ ọ́ ni. Lẹ́tà ni. Ìlà márùn-ún, lẹ́tà márùn-ún lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ ka ìlà." Ó ti di ọwọ́ obìnrin náà mú kó tó mọ̀ pé òun dì í mú. Ó tẹ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ti ń sọ. "Ìlà kìn-ín-ní: A, B, D, E, Ẹ. Ẹ sọ ọ́."

"Mà, a ti fẹ́ ṣí."

"Ẹ sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́."

Ṣijúadé wẹ̀yìn wo awakọ̀. "A, B, D, E, Ẹ," ni ó sọ, kíákíá.

"Ìlà kejì: F, G, GB, H, I. GB lẹ́tà kan ni, ẹ má pín in sí méjì."

"F, G, GB, H, I."

"Ìlà kẹta—"

Ọkọ̀ fọn fèrè. Àwọn ọkùnrin gbé ibùsùn, Ṣijúadé sì ní láti tẹ̀ lé wọn, torí òun ló di ìgò oògùn Ajíbọ́lá mú. Ìbídùn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí igi èbúté fi tán. Ó fi ọwọ́ kan àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó móoru, kò sì sọ nǹkan kan. Wọ́n gbé e wọlé. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ láàárín ọkọ̀ àti igi.

Olùkọ́ Rántí wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin Ìgbìmọ̀ tó mú ohun èlò tí wọ́n fi ń gé ẹ̀gbà lọ́wọ́. Ìbídùn kò tíì na ọwọ́ sí i. Ó ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí obìnrin aláṣọ eérú náà dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tó tẹ orí ba, tó ń fi ìka kan ìka lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ètè rẹ̀ ń mì. F, ni ètè náà sọ. G. H.

"GB ló ṣáájú H," ni Ìbídùn pariwo sórí omi. Ikọ́ dá a dúró. Ó mí, ó tún pariwo rẹ̀.